Èèpo Àpù àti Ọlọ́sìn Ẹlẹ́dẹ̀

"Ẹ fi sílẹ̀, àǹtí. Ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ni."

"Ẹlẹ́dẹ̀ yín á wá nǹkan mìíràn jẹ, bọ̀dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

Garawa kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì dì mú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fún omi èso tà. Èèpo àpù, èèpo ọsàn àti gúrófà tó ti rọ̀ jù ló kún inú rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ọkùnrin náà ń sin ẹlẹ́dẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi èèpo ṣe?"

"Jẹ́lì ni mo fẹ́ fi sè. Èyí tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì, tó máa ń dì, tó máa ń gbọ̀n tìtì bí wọ́n bá mì í. Mi ò lè máa wo nǹkan dídùn kí wọ́n máa dà á nù."

"Ó sì máa ń dì fún yín?"

Inú bí i. "Ó máa dì."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi garawa sílẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa èèpo àpù àti ti ọsàn sọ́tọ̀ fún un, tí á fi ti ọ̀pẹ̀yìnbó sílẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Á wẹ̀, á tún wẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé e lọ bá a. "Onísúgà mi" ló ń pè é. Kò pẹ́ tí aránṣọ fi ń na ọrùn wo ọ̀nà bí ó bá pẹ́ díẹ̀.

Ìfẹ́ dì, jẹ́lì kọ̀, kò dì. Á se èèpo, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á da súgà sí i, síbẹ̀ á máa ṣàn bí omi tíì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, nọ́ọ̀sì tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Jẹ́lì kì í tíì hó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n á ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Gáàsì mi ń tán, ìkòkò mi ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́! Ìdọ̀tí lò ń sè. Pa iná yẹn!"

Á pa á. Ọkàn rẹ̀ á máa gbóná ju ìkòkò lọ.

Nígbà tí ọlọ́sìn wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo imú. "Ẹlẹ́dẹ̀? Ṣé ọkùnrin ti tán láyé ni?"

Ọlọ́sìn tẹrí ba. "Ẹ má bínú, mà." Ó jáde, kò sì yọjú mọ́.

Aránṣọ dúró títí, ó sú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò jẹ́lì tó tún ti bà jẹ́, ó di ọgbà ẹlẹ́dẹ̀.

"Gbà, kí wọ́n mu ún. Gbogbo ohun tí mo bá dáwọ́ lé, omi ló ń dà."

"Onísúgà mi, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló tún..."

"Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jà, ìwọ ni mò ń bá jà! Ìwọ ò lẹ́nu?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

"Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn, ojo ni! O fi mí sílẹ̀ níbẹ̀." Ó bú sẹ́kún.

Ọlọ́sìn na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ìkòkò náà, ó gbé e ka orí ààrò tó fi ń se oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó koná mọ́ ọn. Aránṣọ nu ojú, ó mú ṣíbí, ó ń rò ó. Ẹnikẹ́ni kò ní kó pa iná. Ìgbà tó yá, ó kán díẹ̀ sórí àwo tútù, ó tẹ àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ṣàn.

"Ó dì!" Ó pariwo, ẹlẹ́dẹ̀ sì pariwo tẹ̀ lé e.

Ó gbé e délé. Ẹ̀gbọ́n fi pa búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́, ó tún gé òmíràn.

"Ó dùn," ni ó wí. "N ò sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ò rùn mọ́ o."

Orí aránṣọ gbóná. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́sìn ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, kò tẹrí ba lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹlẹ́dẹ̀ ń rùn, mi ò lè purọ́. Mo wẹ̀ kí n tó wá, ó ṣì kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, kò tì mí lójú. Mo nífẹ̀ẹ́ àbúrò yín. Bí ẹ bá lé mi lónìí, mo tún ń bọ̀ lọ́la."

Nọ́ọ̀sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé o ti lẹ́nu báyìí? Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí. Ẹni tí kò lè gbèjà rẹ̀ lójú mi, báwo ló ṣe máa gbèjà rẹ̀ lẹ́yìn mi?" Ó dìde, ó ṣí fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ gbayawu. "Gbé àga yẹn sí ojú afẹ́fẹ́, kí o jókòó. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún?"