Owú Bàbá Díẹ̀díẹ̀

Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin tó wá di ọkọ mi fi bọ́ọ̀sì pa mí lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé.

Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi lórí àga oníke létí pápá, mò ń wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa bá ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí n tó pariwo, ó ti gbá àga lẹ́sẹ̀, mo sì ti fìdí jálẹ̀ gbì! Ọpẹ́lọpẹ́ ìdí ńlá tí Olúwa fún mi. Ká ní ìdí tín-ín-rín ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá! Ẹ jọ̀ọ́, màmá!"

"Ta ni màmá ẹ?" mo dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Ìwọ tí gbogbo irùngbọ̀n ẹ ti funfun báláú yìí?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rọra wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin, làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Bàbá Díẹ̀díẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ojú. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé sì fi mí ṣe ẹni tí yóò máa rí sí ààbò àwọn ọmọ. Òfin wa ò le: àgbàlagbà kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ì báà jẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀. Bí òbí kan bá pẹ́ kó tó wá mú ọmọ rẹ̀, àgbàlagbà méjì ni yóò jọ dúró ti ọmọ náà ní gbangba títí òbí yóò fi dé.

Èmi àti Kóòṣì, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, la máa ń jọ dúró. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì ò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, ìyàwó rẹ̀ sì wà nílé. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà dáa! Bó bá wọ ṣòkòtò péńpé, ẹsẹ̀ bí òpó ààfin. Mo ti darúgbó lóòótọ́, mi ò tíì fọ́jú.

Opó ni mí, ìyàwó Bàbá Díẹ̀díẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé eékún tó ń dùn mí. Ọmọbìnrin mi ni kò gbà.

"Màmá, ẹ̀yin náà! Kí la máa sọ fáwọn ẹbí bàbá wa?"

"Ẹ sọ fún wọn pé òtútù ń mú mi."

Ó bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó padà gbà. A ti wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ owú Kóòṣì kò jẹ́ kí ọkọ mi gbádùn.

"Kí lẹ̀yin méjèèjì máa ń rí tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Olówó orí mi, ọmọ là ń ṣọ́."

"Ṣé eyín lẹ fi ń ṣọ́ ọ ni?"

"Ta ló fẹ́ wo arúgbó bíi tèmi?"

"Èmi ń wò ọ́. Òun náà lójú."

Ẹ wò ó, mo gbà á bí oúnjẹ aládùn. Ọkùnrin ń jowú nítorí èmi tí gbogbo ara mi ti wálẹ̀! Mi ò mọ̀ pé iná ni mò ń fẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú. Gbogbo òbí ti wá kó ọmọ wọn lọ, ó ku ọmọdébìnrin kékeré tó máa ń dúró sí ojú góòlù. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, kò sì tíì dé. Mo dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Kóòṣì àti ọmọ náà. Kóòṣì ń ṣe bí adájọ́ eré kan ṣe ń sá fún ìyá àgbà tó mú bàtà dání, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ kọjá, ó wò wá, ó fajú ro bí ojú ọ̀run.

Afẹ́fẹ́ dé, ó gbá àwọn bọ́ọ̀lù káàkiri pápá. Kóòṣì sáré tẹ̀ lé wọn. Mo wọ ọ́fíìsì, mo ní kí n pe ìyá ọmọ lórí fóònù, n ò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo jáde, ọmọ ti lọ, bọ́ọ̀sì ti lọ.

Ìgbà náà gan-an ni aránṣọ dé, òjò ti rin ín gbingbin. "Màmá, ẹ káàsán. Ọmọ mi dà?"

Mo ti gba ọmọ tó yọ ẹsẹ̀ jáde ṣáájú orí láìbẹ̀rù. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Mo pe fóònù Bàbá Díẹ̀díẹ̀, ó ti pa á. Aránṣọ jókòó sínú omi nílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tó dà bí ọdún kan ni bọ́ọ̀sì padà dé. Ó ti gbé ọmọ délé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó gbé e padà. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ láìsí nǹkan tó ṣe é, ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra bí ẹni fẹ́ dá a padà sínú.

"Kí lẹ wá ń wò mí báyìí fún?" ni Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Ẹni tí a mọ̀ ni à ń ṣílẹ̀kùn fún," mo ní. "Ẹni tí a mọ̀ ni òfin yìí wà fún."

Nígbà tó ku àwa méjì, ó mú mi lọ́wọ́. "Ààyò mi, owú ni. Mo ní bí ọmọ bá ti kúrò níbẹ̀, ọkùnrin yẹn á gba ilé ẹ̀ lọ. Jọ̀ọ́, má gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Ìgbéyàwó wa ti dé tán."

Ọkàn mi yọ́ bí òrí inú oòrùn. Mo dé ilé, ọmọbìnrin mi tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ló wá di agbẹjọ́rò rẹ̀.

"Màmá, ṣebí kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan? Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín lé ọkọ yín lọ?"

"Tí mo bá pa ti ọkọ mi mọ́, ti ọkọ ta ni mo tún lẹ́nu láti sọ?"

Mo lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Mo sì sọ pé èmi àti Kóòṣì náà ò yẹ ká jọ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n bá wa wí, ó tọ́ sí wa. Wọ́n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níṣojú ìyá rẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Bàbá Díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi parí ìwádìí. Láti ìgbà náà, tí mo bá pè é, kì í gbé e. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa wá, ó kọjá lọ.

Níjọ́ kan ni ọmọbìnrin mi wá sọ pé, "Màmá, mo rí ọkọ yín ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀."

Hà! Obìnrin tó lẹ́wà, tí ọkọ ò sí nílé rẹ̀, tí eyín rẹ̀ pé! Owú gbé mi dìde lórí ìjókòó bí ẹni tí kòkòrò ta nídìí. Mo fa aṣọ kan jáde nínú àpótí kí n lè rí ohun sọ, mo sì gba ọ̀nà. Eékún ń dún kẹ́kẹ́, n ò dúró.

Mo bá ọkùnrin mi lórí àpótí, ó ń bá aránṣọ tú òwú etí aṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìfẹ́ o!" mo ké.

Aránṣọ pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bàbá yìí lọ! Ojú tó ń fà ro ń lé oníbàárà mi. Mo kọ́kọ́ lé e, ó ń padà wá. Kò tiẹ̀ ní kí n dárí ji òun. Ó ní kí n sọ bó ṣe rí láyà mi nígbà tí mi ò rí ọmọ."

"Ó sọ fún mi," ni Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wí, kò lè gbójú sókè. "Mo ti ń bínú sí ọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo mọ̀ pé ká ní o bò mí láṣìírí ni, mi ò ní fẹ́ kí o ṣọ́ ọmọ kankan mọ́. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi pè ọ́."

"Mo ṣì máa bá Kóòṣì dúró o."

"Mo mọ̀. Á máa ta mí lára."

"Kó máa ta ọ́ lára, kó má ta ọmọ ọlọ́mọ." Mo ju aṣọ sí aránṣọ. "Ọmọ mi, wọ̀n mí. Aṣọ ìyàwó ni."

Bí a ṣe fẹ́ra wa nìyẹn. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, wọ́n ní àgbàlagbà kejì gbọ́dọ̀ máa bá a jókòó nínú bọ́ọ̀sì nígbà gbogbo. Mo ti ń tún gèlè ṣe kí n lọ jókòó, wọ́n ní rárá, ìyàwó kì í ṣọ́ ọkọ. Kóòṣì ni wọ́n yàn.

Ọ̀rọ̀ wọn wá wọ̀ tán! Wọ́n á gbé ọmọ tó kẹ́yìn délé tán, wọ́n á jókòó sínú bọ́ọ̀sì níwájú ilé mi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Lánàá mo yọjú lójú fèrèsé, mo pariwo pé, "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń rí tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ara ta mí. Mo gbé àga, mo lọ jókòó sáàárín wọn.