Obìnrin Tó Ti Bá Mi Forúkọ Sílẹ̀

Kí n tó la ẹnu ni Delyth, obìnrin tó ń gba àwọn aláìsàn wọlé lọ́dọ̀ dókítà, ti ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá Pugh, ẹ tún padà wá? Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò débí rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìlú yín ni, mo wá forúkọ sílẹ̀."

Idwal ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Á máa wá gíláàsì ojú rẹ̀ káàkiri ilé, ojú rẹ̀ náà ló sì máa wà."

Delyth ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní lánàá, nígbà tí òjò ń rọ̀, mo wá, mo forúkọ sílẹ̀, mo sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀wù òjò tó wà lọ́rùn mi yìí gan-an ni mo wọ̀, àmọ́ ṣe ló gbẹ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ ní àyà máa ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, àti pé ẹ ò fẹ́ kí bàbá gbọ́."

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Látìgbà èwe ni Idwal ti ń retí ilé létí òkun Wales yìí. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Idwal wò mí. "Hefina, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Delyth ní obìnrin tó wá lánàá náà ti bá mi bẹ̀bẹ̀ kí dókítà rí mi láàárọ̀ yẹn. Dókítà gbọ́ àyà mi, ó pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n la iṣan ọkàn mi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Wọ́n ní díẹ̀ ló kù kí n lọ.

Nígbà tí ara mi yá, mo ṣe kéèkì, àwa méjèèjì gbé e lọ fún Delyth.

Idwal ní, "Rọra jẹ ẹ́ o. Eyín mi kan ti bá kéèkì rẹ̀ lọ."

Delyth rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ìyá, obìnrin tó jọ yín yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò, òun ń kó lọ."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ti rù. Ó fọwọ́ di àyà mú. Mo ní kó jókòó kí dókítà wò ó, ó ní kò pọn dandan, òun ló kù tí yóò máa gbé àìsàn àyà yín kiri. Ó ní kí n bá òun kí bàbá."

Idwal ṣí fìlà rẹ̀. A jọ wo ọ̀nà òkè láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, mo juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.