Àwọn Ọmọ Abẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

"Ọlọ́pàá mú bàbá àgbà mi! Wọ́n sun àtìmọ́lé!" Bẹ́ẹ̀ ni Tremaine Gaddis kígbe, tó ń yan kiri iwájú kíláàsì bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n mú. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ìlú Tillery, ní Mississippi, bí wọ́n bá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe jà fún ẹ̀tọ́ wọn, olúkúlùkù ọmọ ló máa ń sọ ohun tí ará ilé rẹ̀ ṣe nígbà náà. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wú tísà lórí jù, àgbà ilé rẹ̀ ni yóò wá bá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, wọn á sì gbé àwòrán àgbà náà kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tremaine yíjú sí Jakayla Ruffin. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìyá àgbà tìẹ ṣe? Àbí ẹja ni wọ́n ń dín nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọ́de?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Jakayla gan-an. Kò mọ nǹkan kan tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe, kò bi í rí. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Pettway, tísà wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé àwọn tó ń wọ́de a máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sápò kí wọ́n tó kúrò nílé, torí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe káwọn sun àtìmọ́lé. Ìyẹn ló sọ sí i lọ́kàn.

"Iwájú pátápátá ni ìyá àgbà mi wà!" ló wí. "Ọlọ́pàá wọ́ wọn lọ, tàwọn ti búrọ́ọ̀ṣì nínú àpò. Orin ni wọ́n ń kọ nínú àtìmọ́lé, títí ẹni tó ń ṣọ́ wọn fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun sùn!"

Háà! Kíláàsì dìde fún un. Ìyáàfin Pettway fọwọ́ lé àyà. "Ìyá Odessa wa yìí náà? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀!"

Àwọn àgbà ní irọ́ a máa tanná, kì í so. Nígbà tí Ìyá Odessa gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ń pe òun, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó gbé àkẹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ jáde, èyí tó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ó sì se páì ọ̀dùnkún fún gbogbo kíláàsì.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kí n sọ, ọmọ mi?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni, mà." Òtítọ́ dé ètè Jakayla, ó tún gbé e mì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyáàfin Pettway gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ bá mi kí akọni tí ọlọ́pàá wọ́ lọ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì nínú àpò!"

Ìyá Odessa gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ojú wá Jakayla láàárín èrò, kò bínú, ó kàn ń dúró dè é. Jakayla mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, nínú kí ìyá àgbà òun parọ́ nítorí òun tàbí kó tẹ́ lójú gbogbo ìlú, ọ̀kan ò ní ṣàì ṣẹlẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ dákun, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Wọn ò mú ìyá àgbà mi rí. Mi ò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe."

"Mo mọ̀! Mo ní bẹ́ẹ̀!" ni Tremaine pariwo. Bàbá àgbà rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kó o ní ìkó lórí. "Panu ẹ mọ́."

Ni Ìyá Odessa bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣeun, ọmọ mi. Bí gbogbo ẹni tó ní òun wọ́de lọ́jọ́ náà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, afárá odò wa tí wọ́n gbà kọjá ì bá ti wó!" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì wà lápò mi ṣá o. Ẹgbẹ́ yín ni mí nígbà náà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ìyá mi tó dá mi dúró. Wọ́n ní, 'Odessa, àwọn abiyamọ ń lọ. Ta ni yóò gbé ọmọ wọn?' Mo sunkún, ẹ̀yin ọmọ! Wọ́n kó àwọn ọmọ tì mí nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́pàá kó àwọn ìyá wọn lọ. Ọmọ ọwọ́ ò sì mọ ẹ̀tọ́ ìdìbò, wàrà ló mọ̀. Mo gbé wọn, mo rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, mo kọrin títí ohùn mi fi há. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ò dákẹ́ rárá. Ó gé mi jẹ níbí yìí!"

Ó na apá rẹ̀, ó sì nàka sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Lyles, ọkùnrin gìrìwò tí gbogbo ọmọ ń sá fún. "Buford, dìde kí wọ́n rí ọ!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn. "Èmi kẹ̀, Ìyá Odessa?" ni ọ̀gá wí, omi ti lé sí i lójú. "Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn lọ. Wọn ò sọ ẹni tó gbé mi."

"Èmi ni. Eyín méjì péré lo ní, o sì lò wọ́n dáadáa!"

Bàbá àgbà Tremaine rọra dìde. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn àtìmọ́lé mi. Mi ò sọ ọ́ rí pé Odessa ló gbé ọmọ wa, bàbá Tremaine yìí, tí ìyàwó mi fi ráyè lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, kí gbogbo ilé tó gbà á.

Jakayla ò lè mú un mọ́ra. "Tremaine, ṣé o gbọ́? Bàbá ẹ náà wà níbẹ̀!"

Ìyáàfin Pettway kò jẹ́ kí irọ́ náà lọ lásán. Ó ní kí Jakayla máa lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́jọ́ Sátidé, kó máa bi àwọn àgbà léèrè iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yà ní fọ́tò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lọ tìkanra-tìkanra. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré jáde, Tremaine náà sì ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tó kan àwòrán ara ògiri, kò sí fọ́tò Ìyá Odessa kankan láti ìgbà náà. Ni Ọ̀gbẹ́ni Lyles bá ní kí wọ́n ya tuntun. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Odessa, ó gbé orí ńlá rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, Ìyá Odessa sì ń rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́, tàkẹtẹ̀-tàkẹtẹ̀. Jakayla ti rí i báyìí pé òtítọ́ ilé àwọn dùn ju irọ́ tí òun pa lọ, ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò béèrè ni. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò náà: "Ìyá Odessa Ruffin. Wọn kò wọ́de. Wọ́n dúró ti àwọn ọmọ, kí àwọn ìyá lè lọ."