Ohùn Kẹrin Lórí Láìnì Àdúrà

Ẹ̀rọ ní èèyàn mẹ́ta ló wà lórí láìnì. Ohùn mẹ́rin ni mo gbọ́.

Mo wà ní kíṣìnì wa ní Lithonia nílẹ̀ òyìnbó, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ọkọ mi, Ọlátẹ́jú, gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Láìnì àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi ń pa àlọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi wo nǹkan! Ọkọ mi ló ń darí àdúrà níbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ni Uncle Saubana tó ń gbé ní Austell àti Abdulsobur tó ń gbé ní Ellenwood, mùsùlùmí paraku méjì, bá di ọmọ láìnì ìjọ wa. Ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n wà nílé ìwé n'Íbàdàn. Nínú àwọn mọ́kànlá ìgbà náà, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló ṣì wà láyé. Ní tèmi o, eré tí wọ́n ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀ láti ìdí igi kan dé ìkejì látàárọ̀ dalẹ̀, tí wọ́n á tún dá dúró kí wọ́n mu tíì, n kò rí orí rẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ọkọ mi kí wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí àwọn alàdúrà. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Àwọn tí a gbọ́ ohùn wọn àti àwọn tí a kò gbọ́, ẹ káàbọ̀ sáàárín wa."

Ẹnì kan dáhùn ṣáájú àwọn yòókù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn èèyàn. "A dúpẹ́."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni. Mo rò pé àlejò ọ̀kan nínú wọn ni. Ohùn náà bá tẹ̀ síwájú: "Ọkùnrin kan ò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ẹnikẹ́ni ò ju bọ́ọ̀lù sí i. Síbẹ̀ ó jáde nínú eré. Báwo?"

"Easy one!" Abdulsobur fò mọ́ ọn. "Ó sọdá ìlà ẹ̀ ni, wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó igi ẹ̀. Run out! Abeg, bring hard one."

"O gbà á," ni ohùn náà wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀, táyà Abdulsobur jò lórí I-20. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan sọdá ìlà funfun. Tírélà gbé e lọ.

Nígbà tí a lọ kí Raheemat ìyàwó rẹ̀ ní Ellenwood, mo rí ọkọ mi àti Uncle Saubana lẹ́nu ọ̀nà níbi tí a bọ́ bàtà sí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sún mọ́ wọn.

"Ta ni ẹni kẹrin yẹn?" mo bi wọ́n.

Uncle Saubana ló dáhùn. "Adélékè ni. Bó ṣe la ẹnu ni mo ti mọ̀. Òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn igi fún ẹgbẹ́ wa, tó máa ń pa àlọ́ sétí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kí ọkàn ẹ̀ lè pínyà."

"Adélékè tó ti kú?"

"Òun náà. Ìyàwó wa, ohun tó ń dà mí láàmú ni pé Adélékè kì í pa àlọ́ fún ẹgbẹ́ tiwa. Alátakò ló máa ń pa á fún."

Mo ní, "Ó parí. Ẹ ò gbọdọ̀ pe láìnì yẹn mọ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Gbémi," ọkọ mi ní. "Tó bá kan ẹnì kan láti gbá, tí kò sì tètè wọlé, timed out nìyẹn. Ó ti jáde. Òfin ni."

"Tí ọ̀kan nínú wa bá sì jáde," Uncle Saubana fi kún un, "ìkejì ò lè dá gbá. Méjì-méjì la máa ń wà níbẹ̀. Ó ti parí fún àwa méjèèjì nìyẹn."

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. "Ẹ̀mí yín ni mò ń sọ, ẹ̀ ń sọ òfin! Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Nígbà tó di Sátidé, n kò lọ sí shift mi. Mo gbé fóònù pamọ́, ọkọ mi tiro káàkiri ilé nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì wá a rí. Ó pe láìnì. Uncle Saubana ti wà níbẹ̀. Ohùn yẹn náà ti wà níbẹ̀.

"Ọkùnrin kan dúró sójú kan. Bọ́ọ̀lù ò bà á. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló mú un jáde. Báwo?"

Ọkọ mi la ẹnu, mo bá já fóònù gbà.

"Kò ní dáhùn! Orúnkún ń dùn ún, kò lágbára eré radaràda yín mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe, èmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Èmi ni mo dúró fún un!"

Uncle Saubana mí kanlẹ̀. "Gbémi, ìdáhùn lo sọ yẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè ní ẹni tí á máa bá a sáré. Tí ọwọ́ bá wá tẹ ẹni tó ń bá a sáré, ẹni tó dúró sójú kan gan-an ló jáde."

"O gbà á, ìyàwó wa," ni ohùn náà wí. "Ó yá, sáré."

N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbéra. Ìgbà tí ojú mi máa fi wálẹ̀, mo ti wà létí títì, láìwọ bàtà, nínú oòrùn ganrínganrín, tí aládùúgbò wa tó ń fọ mọ́tò ń wò mí. Mo gbọ́ nǹkan kékeré kan, líle, tó ń yí bọ̀ lórí ọ̀dà. N kò rí i.

"Padà!" ọkọ mi ń ké lẹ́nu ọ̀nà. "Gbémi, padà wá!"

Mo sáré bí n kò ṣe sáré rí láyé mi. Mo ṣubú lé ọkọ mi lórí nínú ilé, nǹkan náà sì ba férémù ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi, gbì! Àwa méjèèjì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, à ń mí hẹlẹhẹlẹ, fóònù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

"Àlọ kan, àbọ̀ kan, ẹ ti jẹ méjì nìyẹn, ìyàwó wa," ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́. "Ó di Sátidé."