Àforíjì Màmá Ṣakí

"Islamiat! Ẹ̀wà ń jóná!"

Mọ́mì sáré wọ ilé ìdáná, wọ́n fi àkísà gbé ìkòkò kalẹ̀. Èéfín ń rú, bẹ́ẹ̀ ni Islamiat jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí sítóòfù, ó ń tẹ fóònù.

"Àwọn ará ìta pàápàá ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Àbí fóònù ti dí ọ nímú ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

Ṣùgbọ́n Islamiat mọ̀ pé kì í ṣe fóònù. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó yọ́ wọ yàrá, ó ṣí lọ́fínńdà Mọ́mì, ó fà á símú. Bí omi lásán ló rí.

Lọ́dún tí àrùn Kòrónà ń jà yẹn, ọmọdé pàápàá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjọ́ kejì ni Islamiat àti Bọ́láwùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìdíje ìṣirò ní Kìgálì, ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ní Ring Road, ara àwọn méjèèjì mọ́. Síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akóredé, olùkọ́ wọn, ti kìlọ̀: "Èsì àyẹ̀wò àná kò mọ ti ọ̀la. Bí ara ẹnikẹ́ni bá yí padà, kó pè mí." Kò sẹ́ni tí yóò bá Islamiat jà bó bá pè é, ṣùgbọ́n kò ní lọ mọ́.

"Ọ̀fìnkìn lásán ni," Islamiat sọ fún ara rẹ̀. Ó gba ẹ̀bi fóònù, ó panu mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Ṣakí, ìyá Mọ́mì, ní kó wá kúnlẹ̀. Tìtorí ìrìn àjò yìí ni wọ́n ṣe wọkọ̀ láti Ṣakí wá sí Bódìjà. Islamiat mọ̀ pé ó yẹ kóun ta kété. Àmọ́ bó bá ta kété, wọn yóò bi í léèrè. Ó kúnlẹ̀. Màmá di orí rẹ̀ mú, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n fẹ́ ẹ sí i lójú.

"Àdúrà yìí ni yóò gbé ọ lọ, òun ni yóò gbé ọ bọ̀."

"Àmín, mà." Àmín náà jáde lẹ́nu rẹ̀ sójú Màmá.

Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Kìgálì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ki òwú àyẹ̀wò bọ̀ wọ́n nímú. Èsì dé: Islamiat ní Kòrónà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ya Bọ́láwùmí náà sọ́tọ̀ sí yàrá kejì, nítorí wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ òfúrufú. Bọ́láwùmí tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀! Ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó parí. Ẹkún rẹ̀ ni Islamiat ń gbọ́ lára ògiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti Islamiat kò dákẹ́ rárá.

Mọ́mì pè. "Ọsibítù la wà. Màmá kò lè mí dáadáa. Wọ́n ní àfi káwọn bá ọ sọ̀rọ̀."

Ohùn Màmá ń já. "Isilamíátù, ọkọ mi, foríjì mí. Bóyá inú ọkọ̀ Ṣakí ni mo ti kó o. Èmi ni mo fẹ́ àdúrà sí ọ lójú. Àdúrà tí mo ní kó gbé ọ lọ, òun ló dá ọ dúró."

Kò sẹ́ni mìíràn tó mọ òótọ́. Bí Islamiat bá ní, "Ó ti tán, mà," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èémí díẹ̀ tó kù fún Màmá ni wọ́n fi ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Islamiat kò lè gbà á.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀wà tó jóná yẹn, n kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ara mi kò dá kí n tó kúnlẹ̀ fún yín. Mo fi pamọ́ ni. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ foríjì mí."

Mọ́mì kígbe.

"Alihamudulilahi," ni Màmá wí. "Kì í ṣe àdúrà mi."

Islamiat ti múra sílẹ̀ fún èébú. Èyí dùn ún ju èébú lọ.

Ó jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Akóredé, ó jẹ́wọ́ fún Bọ́láwùmí, tó pẹ́ kó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Màmá ti padà sí Ṣakí, ṣùgbọ́n títí dòní, bí wọ́n bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọn a jókòó sinmi lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń rìnrìn àjò nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrìn àjò mìíràn ń bọ̀. Bí ara rẹ kò bá dá, sọ ọ́ kí o tó kúnlẹ̀ gba àdúrà.