Ọ̀kẹ́rẹ́ Sọ̀ Kalẹ̀

Orí òpó ìgbòkun ni Alábẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ rí i. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ okùn bí àdán, ó dorí kodò, ó sì ń súfèé. Nísàlẹ̀, èbúté kún fọ́fọ́ fún ọkọ̀ ìdíje. Obìnrin náà gbá àpò abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́yà, ó sì dijú. Kò fẹ́ rí ẹni tó máa já bọ́.

"Ẹ lajú, àǹtí," ohùn kan ké láti òkè. "Bí mo bá já bọ́ láìsí ẹni tó ń wò mí, mo jìyà lásán nìyẹn."

"Sọ̀ kalẹ̀ ná, kí n tó dá ẹ lóhùn!" Alábẹ́rẹ́ kò lajú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo èbúté ń pe ọkùnrin náà, torí kò sí òpó tí kò lè gùn. Iṣẹ́ ti Alábẹ́rẹ́ ni kó máa rán aṣọ ìgbòkun tó bá ya. Ọ̀gá ọkọ̀ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bá tù, tó jẹ́ àbúrò bàbá Alábẹ́rẹ́, ló pè é wá síbi ìdíje náà. Yàrá kan tó ń rùn fún ọ̀dà lẹ́yìn èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, tí aṣọ ìgbòkun á bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bí eré ọjọ́ kan bá ti parí, Ọ̀kẹ́rẹ́ á yọjú, á wá bá a di etí aṣọ mú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

"Ṣé aṣọ lo wá wò ni, àbí èmi?"

"Aṣọ ni. Ìwọ lo kàn jókòó sórí ẹ̀."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọlé tẹ̀ lé e. Òkun ló gbé ẹ̀gbọ́n Alábẹ́rẹ́ tó jẹ́ atukọ̀ lọ, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí. Bó bá ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbọ́: "Ẹni tó bá wù ẹ́ ni kó o mú wá, ọmọ mi, ì báà ṣe bíríkìlà, ì báà ṣe awakọ̀. Atukọ̀ òkun nìkan ni kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Ẹ̀rù kì í ba àwọn yẹn. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà, kì í pẹ́ láyé."

Ipò kẹta ni wọ́n mú nínú ìdíje náà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ ṣubú, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba orí omi délé, torí kò sí tírélà tó lè gbé e. Ó ku ẹnì kan tí yóò bá wọn tù ú.

"Ìwọ ni," ọ̀gá ọkọ̀ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọwọ́ ẹ mọ okùn."

Ó fẹ́ kọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Níbi tí mo bá wà, omi ò ní fọwọ́ kàn ẹ́."

Ó lọ.

Ikùn méjì tín-ín-rín ni ọkọ̀ náà fi ń léfòó, bí ìbejì tó so ọwọ́ pọ̀. Wọ́n ta àwọ̀n líle sáàárín wọn, orí àwọ̀n yẹn ni wọ́n sì ń rìn. Bó o bá wolẹ̀, òkun lo máa rí tó ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ó ní, "Irú èyí, tó bá lè dojú dé, ó ti sùn nìyẹn. Kì í jí."

"Panu mọ́!" ọ̀gá ọkọ̀ jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Alábẹ́rẹ́ ti gbọ́. Látìgbà náà, tọ̀sántòru ló ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ti pòórá lẹ́yìn wọn, omi dúdú bí òjé, afẹ́fẹ́ sì yí ohùn padà. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n rẹ ìgbòkun wálẹ̀. Wọ́n fà á, fà á, kò wá. Ó ti há sókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ di òpó mú, Alábẹ́rẹ́ sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Má gùn ún. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Bí mi ò bá gùn ún, afẹ́fẹ́ á dà wá nù. Tú mi sílẹ̀, ìfẹ́ mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ikú ló wá pè é sí.

Kò tíì dé ìdajì òpó tí ìjì fi já lù wọ́n. Ikùn ọkọ̀ kan dìde kúrò lójú omi, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà ń dìde lórí àga. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló ba Alábẹ́rẹ́ lẹ́rù ju ariwo lọ. Lẹ́yìn náà, òkun di òkè, ojú ọ̀run di ìsàlẹ̀.

Ẹ̀wù amúniléfòó Alábẹ́rẹ́ ló gbé e jáde lábẹ́ omi. Mẹkáníìkì fà á gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti dojú dé. Ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀, èjìká rẹ̀ ti yẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ ẹ̀rọ tó ń ké sí àwọn tó lè gbà wọ́n là. Wọn ò rí Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìgbà náà ni Alábẹ́rẹ́ rí ìka. Ìka mẹ́rin yọ láti ìsàlẹ̀ láàárín ojú àwọ̀n. Ó kúnlẹ̀ sórí àwọ̀n, ó sì rí ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ nínú omi. Okùn ti wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fà á lọ sílẹ̀. Bí ìgbì bá lọ, á mí. Bí ìgbì bá dé, á bò ó mọ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì ń sunkún. "Mi ò mọ̀wẹ̀, àǹtí. Mi ò mọ̀wẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ bọ́ ẹ̀wù tó gbé e léfòó, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè rì. Ó fa ọ̀bẹ tó fi ń gé aṣọ ìgbòkun yọ. Ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀ o. Ẹ̀rù náà bá a wọ omi ni. Ó bá a fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn títí tó fi kan ẹsẹ̀ tó ń ta pàpà. Alábẹ́rẹ́ gé okùn náà, ó tún gé e. Nígbà tí okùn já, àwọn méjèèjì yọrí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń pọ omi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà wá kó wọn.

Wọ́n délé, ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ò yọjú sí Alábẹ́rẹ́ mọ́. Alábẹ́rẹ́ pè é títí, kò gbé fóònù. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wá a lọ síbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Ó bá a tó ń ha ọ̀dà gbígbẹ. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ tó o mọ̀ ti kú sómi," ó ní. "Tí mo bá bu omi bọ́jú báyìí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo ní omi ò ní kàn ẹ́, ìwọ lo wá bọ́ sómi nítorí mi. Kí lo fẹ́ fi ojo ṣe?"

"Èmi tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n látọjọ́ tó o ti mọ̀ mí, ṣé ojo lò ń pè mí ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé irin tó fi ń ha ọ̀dà sílẹ̀.

"Gbé ẹ̀wù ẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi là ń lọ."

"Ìyá tó kórìíra atukọ̀?"

"Òun náà ni."

Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ìlẹ̀kùn mú. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni atukọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Àwọn tí ẹ̀rù kì í bà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Ẹ̀rù yín gan-an ń bà mí. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí n má lọ pàdánù ọmọ yín."

Ìyá jáwọ́ lára férémù. "Ọmọkùnrin mi ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Ká ní ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ yẹn ni, nílé ni ì bá sùn." Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé, ọmọ mi. Ẹni tẹ́rù ń bà á máa rántí pé wọ́n ń retí òun nílé."

Ìyá wọ yàrá lọ láti lọ nu omijé ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gígùn, èjìká kan èjìká.

"Ṣé wàá fẹ́ mi báyìí," Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè, "tòun ti bí mo ṣe ń gbọ̀n?"

Alábẹ́rẹ́ mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi sáàárín tirẹ̀ méjèèjì.

"A ó jọ máa gbọ̀n ni."