Ẹ̀gbọ́n Ni Mo Máa Mú

Abẹ́ katakata ni wọ́n ti bá Alájì Tàjúdéènì láàárọ̀, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà oko rẹ̀ ní Ìlárá Rẹ́mọ, lọ́dún 1981. Ẹ̀rọ náà ti dojú dé lé e lórí. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Lásúnkànmí, tó wá láti Ṣàgámù, kò tíì fẹ́ dá Ọlọ́run lẹ́bi. Ó kọ́kọ́ wo bíréèkì.

Méjì ni ẹsẹ̀ bíréèkì katakata, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Lójú ọ̀nà, irin kékeré kan ló ń so wọ́n pọ̀. Bí kò bá sí irin yẹn, tí o tẹ ọ̀kan ṣoṣo níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ á yí bìrí, ó parí nìyẹn. Irin náà kò sí níbẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbẹ́ lára ọwọ́ ọ̀pẹ ló wà nínú ihò rẹ̀, ó ti kán sí méjì. Lásúnkànmí kó o sápò.

Ọláwọlé tó ń ta katakata ló gbé méjì wá, kí Alájì yan èyí tó bá oko obì rẹ̀ mu. Èyí ńlá ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, pupa kékeré tẹ̀ lé e. Ìbejì ni Alájì fúnra rẹ̀, ló bá sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Táyé lè hu igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Kẹ́hìndé á gba àárín igi kọjá, kò ní fara kan ewé.

Fábíyìí tó ń wa katakata ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí Alájì gbá a létí níṣojú àwọn lébìrà. Kò sẹ́ pé òun bínú. Àmọ́ Ṣàgámù lòun àti Ọláwọlé sùn, wọ́n lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé Táyé padà. Ọláwọlé jẹ́rìí sí i. Inú rẹ̀ kò dùn, torí Táyé ló fẹ́ tà.

Ó ku Sàfúrátù, ìyàwó Alájì. Ó jókòó ti agbọ̀n obì, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ewé pọ̀ lé e lórí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àlíyù, èéyi ló pa á. Abẹ́ igi obì inú oko ni wọ́n sin ín sí.

“Ìyá Àlíyù, kí ni Alájì sọ fún yín lánàá?”

“Ó ní ẹ̀gbọ́n lòun máa mú.”

Lásúnkànmí yọ igi inú àpò rẹ̀, ó tò ó ti àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ọ̀bẹ kan náà ló gbẹ́ wọn. Sàfúrátù fọwọ́ sábẹ́ ewé obì, ó mú irin bíréèkì jáde.

“Ọjọ́ tí Fábíyìí ń fi bí bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn lébìrà, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ọ̀gá. Ẹ̀rín ló ń fi mí rín. Ṣé kí n wá máa wò ó kó fi irin hu egungun ọmọ mi ni?”

Ìwà Alájì nìyẹn. Bó bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore, á kọ́kọ́ dẹ́rù bà ọ́ dáadáa, á sì jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Lásúnkànmí ì bá dákẹ́. Kò dákẹ́.

“Nínú ìbejì, ta ni ẹ̀gbọ́n?”

“Kẹ́hìndé ni.”

“Èwo ló kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀?”

Sàfúrátù yíjú sí pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó wò ó títí. Irin ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

“Ó ń wa Táyé lọ sójú títì kí wọ́n lè gbé e padà ni,” Lásúnkànmí sọ fún un. “Abéèrè kì í ṣìnà, ìyá. Ẹ̀yin ò béèrè.”

Kí ẹjọ́ Sàfúrátù tó dé kóòtù, àbúrò Alájì ti jogún oko. Kò fi ọ̀rọ̀ ìbejì ṣeré ní tiẹ̀. Katakata ńlá ló rà, ó sì hu gbogbo igi obì náà láìku ẹyọ kan.